Bí Ẹ̀rọ Ooru Omi Ṣe Fi Ìpẹ̀kun Òtútù Hàn

Akẹ́kọ̀ọ́ fìsíìsì ní Alajue, l'Ẹ́dẹ, kì í pẹ́ há a sórí pé kí òun fi 273 kún ìwọ̀n ìgbóná kí òun tó ṣe ìṣirò. Ó dùn mí pé a kì í sábà sọ ibi tí 273 náà ti wá fún wọn, torí irú ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ gba ìlú wọn kọjá ló bí i.

Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Ẹdẹ, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Èédú ń jó, omi ń hó, ooru rẹ̀ ń ti irin, ọkọ̀ ń lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú agbára iná náà kì í di iṣẹ́ rárá. Ṣe ló ń dànù.

Ìdànù yìí ni Sadi Carnot, ẹnjiníà ará Faransé, rò jinlẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1824, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 28. Ó ní ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní ibi gbígbóná tí yóò ti gba iná àti ibi tútù tí yóò da iná náà sí. Ìgbóná ibi méjèèjì yìí nìkan ló ń sọ ibi tí agbára ẹ̀rọ mọ, ìbáà jẹ́ ooru omi ló ń tì í, ìbáà jẹ́ afẹ́fẹ́. Àrùn onígbáméjì pa á ní 1832, àwọn ènìyàn díẹ̀ ló sì ka ìwé rẹ̀.

William Thomson, tí a wá ń pè ní Lord Kelvin, ló gbé èrò náà dìde ní Glasgow ní 1848. Ó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Victor Regnault ní Paris, ẹni tó fi sùúrù wọn ìgbóná àti agbára ooru omi. Nígbà tó fi máa di 1854, òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀ James Joule ti rí ọ̀nà láti fi èrò Carnot wọn ìgbóná: bí iná tí ẹ̀rọ gbà ṣe rí sí èyí tó dà nù, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n ìgbóná ibi méjèèjì rí síra wọn.

Ẹ wo ẹ̀rọ aláìlábùkù kan tó ń gba iná níbi tí omi ti ń hó, tó sì ń da ìyókù síbi tí omi ti ń di yìnyín. Nínú iná 100 tó gbà, bíi 26.8 ló lè di iṣẹ́. Àlàfo ibi méjèèjì sì jẹ́ 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí 100 yìí bá jẹ́ ìdá 26.8 nínú ọgọ́rùn-ún, odindi rẹ̀, ìyẹn ìgbóná ibi tí omi ti ń hó, jẹ́ 373. Ẹ yọ 100 kúrò: yìnyín fi 273 ga ju òdo gidi, ìyẹn ìpẹ̀kun òtútù, lọ. Ní òdo yẹn, ẹ̀rọ kò ní da ohunkóhun nù mọ́. Bí ibì kan bá tún tutù jù bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tó ṣe á ju iná tí wọ́n fún un lọ, èyí tí kò ṣeé ṣe.

Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ibẹ̀ kó tó mọ̀ ọ́n! Lónìí a mọ̀ pé ó wà ní 273.15 nísàlẹ̀ òdo Celsius. Ìṣirò Carnot kan náà ló fi hàn bí ó ṣe ṣòro tó láti sún mọ́ ibẹ̀: fíríìjì jẹ́ ẹ̀rọ yìí tí wọ́n yí ìṣiṣẹ́ rẹ̀ padà sẹ́yìn, bí ohun tó ń mú tutù bá sì ti ń sún mọ́ òdo, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tó ń gbà láti yọ ìgbóná kékeré kan ń pọ̀ sí i láìlópin.