Ìfọ́nká Ìmọ́lẹ̀ àti Agbo Mólékù nínú Àdàpọ̀ Ọtí àti Omi

Bí a bá da mílílítà 50 ẹtánọ́ọ̀lù, èyí tí í ṣe ọtí inú ẹmu àti ògógóró, pọ̀ mọ́ mílílítà 50 omi, àdàpọ̀ náà kì í pé 100; nǹkan bí 96 ni í jẹ́. Ó mọ́ gaara lójú, síbẹ̀ àìpé yìí fi hàn pé àwọn mólékù inú rẹ̀ ti tún ara wọn tò. Ọ̀rọ̀ wo ni olùkọ́ àti ògbufọ̀ yóò fi sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, tí kò ní ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà?

Ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní jẹ mọ́ ìmọ́lẹ̀. Mẹ́ta ni ó ń du ipò kan náà: ìtànká, ìtúká àti ìfọ́nká. Ìmọ́lẹ̀ a máa tàn ká láti orísun rẹ̀. Kí ìtànká dúró fún èyí. Ohun tí ó ti wà pọ̀ tẹ́lẹ̀ ni í tú ká, bí èrò ọjà; ìtúká yẹ ìmọ́lẹ̀ funfun tí dígí onígun mẹ́ta pín sí oríṣiríṣi àwọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fọ́n ọkà fún adìẹ a máa dà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mólékù ń ṣe sí ìmọ́lẹ̀ tí ó bá kọlù ú. Ìfọ́nká ni èyí. Ní 1871, Rayleigh fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ kúrú ni ó ń fọ́n ká jù. Ní 1910, Einstein ṣàlàyé pé bí èròjà kan nínú àdàpọ̀ bá ki níbì kan, tí ó sì ṣàn níbòmíràn, ìfọ́nká yóò pọ̀ sí i. Nípa bẹ́ẹ̀, ìfọ́nká ń tú àṣírí ohun tí ojú kò rí.

Ọ̀rọ̀ kejì jẹ mọ́ àwọn mólékù fúnra wọn. Mólékù ọtí ní apá kan tí ó fẹ́ràn omi, àti apá kan tí ó dà bí epo, tí ó ń yẹra fún omi. Ní 2002, Dixit àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi nútírọ́ọ̀nù yẹ mẹtánọ́ọ̀lù inú omi wò. Wọ́n rí i pé àwọn apá bí-epo sún mọ́ra wọn, omi náà sì wà ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Àwọn kan lè pe èyí ní ìdìpọ̀. Ṣùgbọ́n okùn wà nínú ìdìpọ̀. Ohun tí a dì kì í ṣàdédé tú. Agbo ijó ni ti mólékù jọ: ọ̀kan ń wọlé, òmíràn ń jáde, kíá ni wọ́n sì ń ṣe é. Nítorí náà, kí ìkórajọ jẹ́ orúkọ ìṣe náà, kí agbo sì jẹ́ orúkọ ohun tí ó bí.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn ẹnu lásán. Nínú omi tí a pò mọ́ ọtí tert-butyl, ìfọ́nká ìmọ́lẹ̀ ti fi àwọn ohun kan hàn tí ó tó nǹkan bí 100 nánómítà, tí wọ́n sì ń pẹ́ kí wọ́n tó tú. Ní 2011, Subramanian àti Anisimov fi hàn pé àbàwọ́n bí-epo inú ọtí náà ni ó fa ìwọ̀nyí: bí a bá sẹ́ ẹ kúrò, wọn a pòórá, ṣùgbọ́n agbo tí kì í pẹ́ ṣì wà. Ẹ̀kán ni orúkọ tí ó yẹ wọ́n. Ẹni tí ó bá pe méjèèjì ní ìdìpọ̀ ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé àbùdá ọtí ni ìdọ̀tí inú rẹ̀.