Ìwé Àwìn àti Iná Tó Lọ: Bí Ètò C Ṣe Ń Gba Signal

Ká mú ṣọ́ọ̀bù kan ní Adakpamé, níhà ìlà-oòrùn Lomé, tó ń fi kọ̀ǹpútà Linux kọ ìwé àwìn. Iná lọ, onduleur (UPS) abẹ́ tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bí wọ́n bá ti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà bó ti yẹ, kọ̀ǹpútà náà á pa ara rẹ̀ kí bátìrì tó tán. Báwo wá ni ètò tó ń kọ àwìn ṣe máa mọ̀ pé ó tó àkókò láti palẹ̀ mọ́?

Kernel, ọkàn Linux, ló ń fi signal ránṣẹ́ sí i. Nọ́ńbà lásán ni. SIGTERM, tí í ṣe 15, ń sọ pé kó múra kó máa lọ. Systemd, tó ń darí pípa ẹ̀rọ náà, á fún ètò náà ní ìṣẹ́jú àáyá 90, àfi bí ẹnì kan bá yí i padà; bí kò bá tíì lọ, SIGKILL, 9, ló kàn. Ètò kò lè fi function gba ìyẹn, kò sì lè dá a dúró.

Sigaction la fi ń sọ fún kernel pé, bí SIGTERM bá dé, function báyìí ni kó pè. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í: a ó ki printf, malloc àti kíkọ fáìlì bọ inú function náà. Signal kì í kan ilẹ̀kùn. Ó lè bá ètò láàárín malloc gan-an, nígbà tí malloc ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Bí function wa bá tún pe malloc, á máa dúró de kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ẹni tí òun fúnra rẹ̀ dá dúró. Wọ́n á wà bẹ́ẹ̀ títí SIGKILL á fi dé, àwìn ọjọ́ náà á sì ṣègbé. Ó dùn mí, nítorí owó ẹni tó ń ṣòwò ni.

Kí function náà kọ 1 sínú àsíá kan tó jẹ́ volatile sig_atomic_t, kó padà, ó tán. Main ni yóò rí àsíá náà, tí yóò kọ àwìn tó kù, pe fsync, kó sì ti fáìlì.

Bí signal bá bá read, tí main fi ń retí ohun tí a máa tẹ̀, lójú oorun, tí a kò sì lo SA_RESTART, read á dá −1 padà, errno á jẹ́ EINTR: ẹ yẹ àsíá wò. Àmọ́ signal tún lè wọlé lẹ́yìn tí main yẹ àsíá wò, kí read tó bẹ̀rẹ̀. Read á sùn lọ, àsíá á wà lókè, kò sẹ́ni tó rí i. Nítorí náà, ẹ fi sigprocmask dí SIGTERM, kí ẹ sì jẹ́ kí pselect dúró dípò read: òun ló ń ṣí ọ̀nà fún signal lẹ́ẹ̀kan náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró.