Ìpàdé Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ Ẹgbẹ́ Rotary: Ìlànà Rẹ̀ àti Ìwúlò Rẹ̀

Ẹgbẹ́ ṣíṣe kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Kí ilé ìwé tó dé ni àwọn baba ńlá Yorùbá ti mọ̀ pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn bára mu a máa kó ara wọn jọ, wọn a yan bàbá ẹgbẹ́ àti ìyá ẹgbẹ́, wọn a sì dá ọjọ́ ìpàdé. Bí oko ẹnìkan bá di igbó, wọn a bá a ro ó ní àáró. Bí ilé ẹnìkan bá ń fẹ́ òrùlé, a bẹ̀ wọ́n ní ọ̀wẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kó owó jọ, wọn a dá èésú. Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ òkèèrè tí ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí ire ìlú dé ilẹ̀ yìí, kì í ṣe ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó ṣe àjèjì. Ohun tí ó yẹ ní yíyẹ̀ wò ni èyí: èé ṣe tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, èrè wo sì ni ó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́? Ẹgbẹ́ Rotary ni ó yẹ jùlọ láti fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni ó ṣáájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: Kiwanis tẹ̀lé e ní 1915, Lions sì tẹ̀lé e ní 1917.

Ìbẹ̀rẹ̀ Ẹgbẹ́ náà

Ìlú Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ẹgbẹ́ yìí ti ṣẹ̀. Agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ Paul Harris lọ tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1896. Wallingford, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Vermont, ni a ti tọ́ ọ dàgbà, níbi tí aládùúgbò ti mọ aládùúgbò. Ṣùgbọ́n ní Chicago, èrò ń wọ́ bí omi, síbẹ̀ olúkúlùkù ni ó ń ṣe tirẹ̀. Ènìyàn lè pẹ́ níbẹ̀ láìní ọ̀rẹ́ kan tí yóò bi í pé báwo ni ara. Ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Kejì, 1905, Harris àti àwọn mẹ́ta mìíràn pàdé ní yàrá 711 nínú ilé kan tí wọ́n ń pè ní Unity Building. Àwọn mẹ́ta náà ni Gustavus Loehr, onímọ̀ iṣẹ́ ìwakùsà, ẹni tí ó ni ọ́fíìsì náà. Silvester Schiele, oníṣòwò èédú ilẹ̀. Àti Hiram Shorey, aránṣọ. Wọ́n pinnu pé ìpàdé yóò máa yí kiri láti ọ́fíìsì ẹnìkan dé ti ẹlòmíràn, láti inú yíyí kiri yìí ni orúkọ náà, Rotary, sì ti wá. Ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà láti inú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹgbẹ́ má baà di ti oníṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n pọ̀ ju ohun tí ọ́fíìsì lè gbà lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pàdé ní ilé oúnjẹ àti hòtẹ́ẹ̀lì. Harry Ruggles, atẹ̀wé, ni ó mú orin kíkọ wọ inú ìpàdé.

Òtítọ́ kan wà tí kò yẹ kí á fi pamọ́: ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ náà wà fún àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ni. Aránṣọ ń rán aṣọ fún eléèédú, eléèédú ń ta ọjà fún agbẹjọ́rò. Wọ́n tilẹ̀ ní òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kọ òwò tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá ara wọn ṣe sílẹ̀. Ní 1906, wọ́n pe agbẹjọ́rò kan, Donald Carter, kí ó wá wọ ẹgbẹ́. Ó bèèrè ohun tí ẹgbẹ́ ń ṣe. Nígbà tí ó gbọ́ ọ, ó kọ̀. Ó ní ẹgbẹ́ náà ìbá ní ọjọ́ iwájú tí ó dára bí ó bá lè ṣe ohun kan fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára, wọ́n sì fi iṣẹ́ ìlú kún òfin ẹgbẹ́. Ní 1907, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jà fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí gbogbo ará ìlú lè lò ní àárín Chicago, títí ó fi di kíkọ́. Iṣẹ́ tí kò ní ògo ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rìn nínú ìlú ńlá láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ mọ bí ó ti ṣe pàtàkì tó.

Bí Ìpàdé ti ń Lọ

Bí a bá wọ inú gbọ̀ngàn ìpàdé, ohun tí ojú kọ́kọ́ ń rí ni tábìlì gígùn kan níwájú, pẹ̀lú agogo àti òòlù kékeré lórí rẹ̀, àti àsíá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ààrẹ ẹgbẹ́, tí ó fi ẹ̀wọ̀n oyè kọ́rùn, ni ó ń lu agogo náà. Bí ó bá ti dún, ẹni tí ó pẹ́ ti pẹ́. Ẹgbẹ́ kan lè fi èyí ṣáájú, kí òmíràn fi tọ̀hún ṣáájú, ṣùgbọ́n ètò náà jọra: wọn a kọ orin orílẹ̀-èdè, wọn a gbàdúrà, wọn a jẹun papọ̀, wọn a kí àwọn àlejò, wọn a sì kí àwọn tí ó ń ṣe ọjọ́ ìbí. Lẹ́yìn èyí ni akọ̀wé yóò ka ìkéde, tí àwọn alága ìgbìmọ̀ yóò sì jíṣẹ́. Olùbánisọ̀rọ̀ kan yóò wá sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú 20, yálà dókítà, àgbẹ̀, olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba, wọn a sì bi í ní ìbéèrè. Agogo yóò tún dún, ìpàdé yóò sì tú ká.

Òṣìṣẹ́ kan wà tí í máa ṣọ́ ètò ìpàdé, òun ni ó sì ń gba owó ìtanràn. Ẹni tí ó pẹ́ dé yóò san; ẹni tí kò fi àmì ẹgbẹ́ sí àyà yóò san; ẹni tí fóònù rẹ̀ dún yóò san. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ rẹ̀ yege ìdánwò náà yóò san, nítorí ayọ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń gbà á, iṣẹ́ rere ni ó sì sábà máa ń bá lọ.

Ìbéèrè mẹ́rin kan wà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa ń rán ara wọn létí. Herbert Taylor ni ó kọ wọ́n ní 1932, nígbà tí a ní kí ó gba ilé iṣẹ́ kan tí ń kú lọ là. Ẹgbẹ́ Rotary sì sọ wọ́n di tirẹ̀ ní 1943. Wọ́n ń bèèrè bí ohun tí a fẹ́ sọ tàbí tí a fẹ́ ṣe bá jẹ́ òtítọ́, bí ó bá tọ́ sí gbogbo ẹni tí ó kàn, bí yóò bá mú ìrẹ́pọ̀ dàgbà, àti bí yóò bá ṣe gbogbo wọn ní àǹfààní.

Ọgbọ́n Inú Ìpàdé

Bí ẹgbẹ́ bá ti ṣe ìlérí kànga fún ilé ìwé kan, alága ìgbìmọ̀ kànga ni yóò dìde láti sọ ibi tí iṣẹ́ dé: ǹjẹ́ ẹni tí yóò gbẹ́ ẹ ti dé, ǹjẹ́ owó kù, ǹjẹ́ omi ti yọ? Bí ó bá sọ lọ́sẹ̀ yìí pé kò tíì sí nǹkan, ojú yóò tì í díẹ̀. Bí ó bá tún sọ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ojú yóò tì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹlòmíràn yóò dìde láti ràn án lọ́wọ́. Èyí gan-an ni ọgbọ́n inú ìpàdé náà. Nínú èésú, kò sí ẹni tí a ń rọ̀ kí ó wá, nítorí pé owó olúkúlùkù yóò padà dé ọwọ́ rẹ̀. Nínú àáró, ẹni tí ó ro oko ọ̀rẹ́ rẹ̀ lónìí mọ̀ pé oko tòun ni yóò kàn lọ́la. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé ìwé tí yóò mu omi kànga kò lè san án padà fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí kò ní ẹni tí yóò bèèrè rẹ̀ a máa tètè di ìgbàgbé. Ìpàdé ni ó ń bèèrè rẹ̀.

Àwọn Yorùbá àtijọ́ mọ èyí dájú. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ tiwọn, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n ń ka ọjọ́ tí ìkà bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ń pè é ní ọrún. Ìtàdógún, tí í ṣe ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, ni àwọn Ògbóni àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi ń pàdé; bí a bá yọ ọjọ́ kan tí a kà lékún kúrò, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti àtijọ́ gééré ni. Àdéhùn tí a kò dá ọjọ́ fún kì í ṣe àdéhùn.

Ó yẹ kí á kíyèsí ọ̀rọ̀ náà, ẹgbẹ́, pẹ̀lú. Kì í ṣe àwùjọ nìkan ni ó túmọ̀ sí. Ó tún túmọ̀ sí ẹni tí ó bá ni dọ́gba. Nínú Rotary, ọdún kan péré ni ààrẹ ń lò, láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje dé ìparí oṣù Kẹfà ọdún tí ó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, yóò bọ́ ẹ̀wọ̀n oyè, yóò sì padà jókòó sí àárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, dídọ́gba náà kò kan obìnrin. Ìgbà tí ẹgbẹ́ Duarte ní California gba obìnrin mẹ́ta wọlé, a yọ ẹgbẹ́ náà kúrò ní 1978. Ọ̀ràn náà dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà, tí ó dá àwọn ará Duarte láre ní 1987. Ní 1989 ni Rotary ṣí ilẹ̀kùn fún obìnrin káàkiri ayé. Ọ̀rọ̀ yìí yóò ya àwọn ìyá wa lẹ́nu, àwọn tí wọ́n ti ń jẹ oyè nínú ẹgbẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ẹ̀rí Kan ní Nàìjíríà

Ní 1961, ọdún kan lẹ́yìn òmìnira, ni Rotary fìdí múlẹ̀ ní Kano àti ní Èkó. Ní 1985, ẹgbẹ́ náà káàkiri ayé pinnu láti bá àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà. Ní 1988, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn mìíràn dara pọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà, bí ọmọ 350,000 ni àrùn yìí ń sọ di arọ lọ́dọọdún. Nàìjíríà wà lára ibi tí ìjà náà ti le jùlọ. Ní 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Àríwá, Kano nínú wọn, dá ìfúnni ní oògùn náà dúró nítorí àhesọ pé ó ní ohun búburú nínú. Ní ọdún kan náà ni Jonathan Majiyagbe, agbẹjọ́rò tí ń gbé ní Kano, di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó jẹ ààrẹ Rotary gbogbo ayé. Ní 2012, nínú ọmọ 223 tí àrùn náà mú ní gbogbo ayé, 122 jẹ́ ti Nàìjíríà.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò simi. Wọ́n ń dá owó, wọ́n ń bá àwọn ọba àti àwọn aṣáájú ẹ̀sìn sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera rìn láti ojúlé dé ojúlé. Ní 2016 ni a rí kòkòrò àrùn náà ti àdáyébá kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Borno. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ, 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ẹkùn Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Irú mìíràn, tí ó máa ń jẹyọ níbi tí àwọn ọmọ tí kò gba oògùn náà bá pọ̀, ṣì yọjú lẹ́yìn èyí, nítorí náà iṣẹ́ kò tíì parí. Ṣùgbọ́n láti 1985 dé 2020 jẹ́ ọdún márùndínlógójì. Ìtara nìkan kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ dé ibi tí ó dé. Ó ní láti jẹ́ ohun tí a ń dárúkọ ní ìpàdé léraléra, lójú ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti lójú ẹni tí ó bá a lẹ́nu rẹ̀.

Àbùkù Rẹ̀ àti Àtúnṣe

Kì í ṣe pé ìpàdé náà kò ní àbùkù. Oúnjẹ hòtẹ́ẹ̀lì àti owó ẹgbẹ́ a máa lé olùkọ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́ sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n mọ ìṣòro ìlú ju ẹlòmíràn lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ń lò, àní níbi tí gbogbo ẹni tí ó jókòó ti jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ó sì rọrùn kí ìpàdé di kìkì ìkíni àti oúnjẹ, kí ẹgbẹ́ sì padà sí ibi tí Carter ti bá a ní 1906. Ní 2016, ìgbìmọ̀ aṣòfin Rotary dẹ okùn náà: ó gba ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láàyè láti yí ìgbà ìpàdé rẹ̀ padà, bí kò bá ṣáà ti dín sí ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Àwọn kan yọ̀ sí i. Àwọn mìíràn bẹ̀rù pé ohun tí a bá ń ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń tètè gbàgbé. Òtítọ́ wà nínú méjèèjì. Kì í ṣe iye ọjọ́ ni agbára wà, bí kò ṣe nínú pé ọjọ́ náà kò yẹ̀, àti pé iṣẹ́ kan wà tí ẹnìkan gbọ́dọ̀ jẹ́ nígbà tí ó bá pé.

Ẹ̀kọ́ yìí kan ilé ìwé pẹ̀lú. Láti 1962 ni Rotary ti ní ẹgbẹ́ Interact fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, láti 1968 sì ni Rotaract ti wà fún àwọn ọ̀dọ́. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀, tàbí tí ó bá fẹ́ kí ẹgbẹ́ èdè Yorùbá nínú ilé ìwé rẹ̀ má kú, kò ní láti wá hòtẹ́ẹ̀lì. Kí ó dá ọjọ́ kan, kí ó fi iṣẹ́ kan lé ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, kí ó sì jẹ́ kí olúkúlùkù dìde níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ láti sọ ibi tí iṣẹ́ dé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọjọ́ tí àwọn méjèèjì yóò pàdé, pẹpẹ yóò wà níbi tí ó wà, ohun tí ó wà nínú kèrègbè yóò sì bàjẹ́ síbẹ̀.