Ẹ̀pà àti Ara tí Kò Gbà Á

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti oníṣòwò ẹ̀pà ní Dansoman àti agbègbè Accra, ọ̀ràn yìí kan ọjà yín, ó sì kan ọmọ yín.

Ẹ̀ṣọ́ wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ń bá àrùn jà. Nígbà mìíràn a máa ka oúnjẹ rere sí ọ̀tá: ètè a wú, ara a yún, èémí a sì há. Ní 2013, àwọn onímọ̀ Gánà àti ti ilẹ̀ Netherlands tẹ ìwádìí jáde lórí ọmọ ilé-ìwé tí ó lé ní 1,600 ní Gánà. Nínú 100 ọmọ, bí 17 ni ẹ̀ṣọ́ ara wọn dojú kọ ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n bí 2 péré ni awọ ara wọn wú nígbà tí a fi ẹ̀pà dán an wò. Ó jọ pé kòkòrò àtọ̀sí ajá ni ẹ̀ṣọ́ náà dìde sí, tí ó sì ṣi ẹ̀pà mú.

Nítorí náà, ẹ má ṣe tìtorí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan gba ẹ̀pà lẹ́nu ọmọ. Ẹ bi dókítà léèrè. Ṣùgbọ́n bí ètè ọmọ bá wú tàbí tí èémí rẹ̀ há lẹ́yìn tí ó jẹ ẹ̀pà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹni tí ó bá sì ń ta oúnjẹ tí ẹ̀pà wà nínú rẹ̀, kí ó sọ ọ́ fún oníbàárà.