Ẹ̀san Kì Í Ṣe Ìdájọ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ní Lẹ́kkí Phase 1 nílùú Èkó, aáwọ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọlọ́kadà àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Ìròyìn sọ pé 100 náírà ni ó dá a sílẹ̀. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, wọ́n ti lu ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà pa, wọ́n sì dáná sun ún.

Àwọn tí ń gbèjà irú ìwà bẹ́ẹ̀ a máa wí pé Ọlọ́run tìkára rẹ̀ ni ó pàṣẹ ojú fún ojú. Wọ́n ṣì í gbọ́. Òfin náà, tí ó wà nínú Ìwé Ẹ́kísódù orí 21, kì í ṣe epo tí a ń dà sí iná ìbínú. Odi ni ó jẹ́ fún un. Ṣáájú rẹ̀ ni Lámékì ti ń yangàn pé òun pa ènìyàn nítorí ọgbẹ́ lásán, àti pé ìgbà 77 ni a ó gbẹ̀san òun. Mósè dí ọ̀nà náà: ìjìyà kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Augustine Mímọ́ ti ṣàlàyé rẹ̀ ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a fi òfin yìí wọn ọ̀ràn Lẹ́kkí. Ní Ísírẹ́lì, ẹni tí ó jí àgùntàn, tí a sì bá a lọ́wọ́ rẹ̀ láàyè, ìlọ́po méjì ni yóò san. Bí a tilẹ̀ pe ọ̀ràn 100 náírà ní olè, 200 náírà ni òfin Mósè ì bá gbà, kì í ṣe ẹ̀mí.

Bí ẹ̀mí bá tilẹ̀ bọ́, ìlú ààbò 6 wà, Hébúrónì àti Ṣékémù wà lára wọn, níbi tí ẹni tí ó ṣèèṣì pànìyàn lè sá sí títí a ó fi gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ̀rí ẹnìkan kò sì tó láti pa ẹnikẹ́ni. Àwọn bàbá wa mọ èyí pẹ̀lú: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ìjọ Àgùdà kò wí pé kí a fi ọ̀daràn sílẹ̀. Kátíkísìmù rẹ̀ ti ọdún 1992 kọ́ni pé ó yẹ kí ẹlẹ́ṣẹ̀ tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe, kí òdodo lè dúró; ṣùgbọ́n kí a máa wá ibi rẹ̀ nítorí ìbínú, èèwọ̀ ni. Ní ọdún 2018, Póòpù Francis mú un wọ inú ìwé náà pé ìjọba pàápàá kò gbọdọ̀ fi ikú jẹni níyà.

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ 6, Ẹ̀tì-Ọ̀sà wà nínú wọn. Ipa ti ìjọba nìyẹn. Ní tiwa, kí a má ṣe di ẹ̀ṣẹ̀ àwọn apànìyàn ru gbogbo ọlọ́kadà, nítorí òfin Mósè kò gbà kí bàbá kú fún ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ. Àti ẹ̀yin oníṣòwò, nígbà tí ariwo olè bá ta lọ́jà, kí ẹ tó mú òkúta, ẹ bèèrè pé: ta ni ẹlẹ́rìí, ta ni ó sì dá ẹjọ́ yìí? Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ gba ẹni náà sílẹ̀, kí ẹ fà á lé àwọn ọlọ́pàá lọ́wọ́.