Omi Ìkògòsí Kò Gbóná Tó Bí Wọ́n Ṣe Ń Wí

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìdí omi Ìkògòsí, ọwọ́ ló máa ń tì bọ̀ ọ́ kó tó ya fọ́tò. Tìfura-tìfura ni ọwọ́ náà ń wọlé, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé omi ibẹ̀ gbóná tó 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius níbi tó ti ń sun jáde. Ìwé ìpolówó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, afinimọ̀nà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé tó bá wá ṣèbẹ̀wò náà sì dà á kọ. Ṣùgbọ́n omi tó bá gbóná tó 70, kí èèyàn tó ṣẹ́jú ni yóò ti bó o lọ́wọ́. Èmi ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo ń bá ẹni tí a jọ lọ sọ̀rọ̀, ó sì pẹ́ kí n tó rántí pé ọwọ́ mi ṣì wà nínú omi.

Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta tó gbé òṣùwọ̀n lọ síbẹ̀ bá nǹkan bíi 37 tàbí 38, òjò ìbáà rọ̀, ọyẹ́ ìbáà fẹ́. Bí ara ọmọ èèyàn ṣe gbóná mọ nìyẹn. Ìdí rèé tí ọwọ́ fi ń gbàgbé ara rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ di 70 rò pé òun ń pọ́n omi náà lé ni, kò mọ̀ pé ohun tó yani lẹ́nu jù nínú rẹ̀ lòun fi pamọ́.

Ìlú kékeré ni Ìkògòsí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, láàárín òkè àti igbó. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ọdẹ kan fẹ́ ìyàwó méjì. Ọ̀kan gbóná bí iná, ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan ló máa ń sọ di ìjà; èkejì tutù bí omi àmù. Nígbà tí ìjà orogún wá sú ọkọ, ó fi ìbínú sọ àwọn méjèèjì di odò, òun fúnra rẹ̀ sì di òkè tó ń wò wọ́n títí di òní. Ẹni tó bá ti gbé ilé olórogún rí á mọ̀ pé ọkọ inú ìtàn yìí náà jẹ̀bi. Síbẹ̀ òun ni wọ́n gbé sí ibi gíga. Àmọ́ ìtàn náà kò parọ́ ohun tí ojú ń rí. Odò méjì ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọ̀kan tutù. Wọ́n ń ṣàn bọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n pàdé, wọ́n sì jọ bá ọ̀nà wọn lọ. Níbi tí wọ́n ti pàdé, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ lè wà nínú ooru kí ẹsẹ̀ òsì wà nínú òtútù.

Kò sí òkè ayọnáyèéfín kankan nítòsí tó ń se omi náà. Èyí tó ṣì ń yọná tó sún mọ́ wa jù, Kamẹrúùnù ló wà. Omi òjò ni. Òkè gígùn tó gba ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kọjá, òkúta quartzite ló pọ̀ nínú rẹ̀, òkúta líle tó máa ń sán. Òjò ń gba ojú sísán náà wọlẹ̀, ó ń lọ jìnnà sísàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti gbóná. Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, kìlómítà kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá wọ inú ilẹ̀, ooru á fi ìwọ̀n bíi 25 sí 30 lé sí i. Omi náà á gbóná níbẹ̀, á rí ojú sísán mìíràn, á sì sáré gòkè kí ooru tó tán lára rẹ̀. Odò tútù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò jìn tó bẹ́ẹ̀ kó tó padà ni. Òkúta yìí kì í tètè yòrò sínú omi, omi ibẹ̀ kò sì rùn bí imí-ọjọ́. Àwọn kan gbà pé ó ń wo làkúrègbé. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ a máa dẹ iṣan, kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn. Ohun tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbàgbọ́ ni.

Ní 1952, òyìnbó Amẹ́ríkà kan, John S. McGee, ajíhìnrere ìjọ Onítẹ̀bọmi, bẹ̀rẹ̀ sí í tún ibẹ̀ ṣe, ó sì di àgọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ. Àwọn kan ń kọ ọ́ pé òun ló ṣàwárí omi náà. Bí ẹni ń sọ pé àlejò ló ṣàwárí ẹnu ọ̀nà ilé onílé! Ohun tí McGee ṣe ni pé ó sọ ìdí omi di ibi tí èèyàn ń wá sùn sí. Láti ìgbà náà ni ìdí omi ti ń tọwọ́ bọ́ sọ́wọ́: ó wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ó bọ́ sábẹ́ Ìpínlẹ̀ Òǹdó ní 1976, ó sì di ti Èkìtì nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní October 1, 1996. Ilé-iṣẹ́ UAC rọ omi ibẹ̀ sínú ìgò, wọ́n sì pè é ní Gossy: wọ́n gé orí orúkọ ìlú sọnù, wọ́n mú ìdí rẹ̀. Nígbà tí Káyọ̀dé Fáyẹmí kọ́kọ́ ṣe gómìnà, láàárín 2010 sí 2014, ìjọba tún ilé àlejò kọ́ síbẹ̀, wọ́n sì tún adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ náà ń wọ̀ ṣe. Nígbà tó padà dé sípò gómìnà, wọ́n fi ibẹ̀ lé aládàáni lọ́wọ́.

Ìlú kékeré kan wà ní Bẹ́ljíọ̀mù tó ń jẹ́ Spa, tí gbogbo ayé ti fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ìwẹ̀ àti ìwọ́ra. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín ni pé omi Spa tutù. Nítorí irin tó wà nínú rẹ̀ làwọn èèyàn ṣe ń wá mu ún, títí kan Peter, ọba Rọ́ṣíà, tó débẹ̀ ní 1717. Omi Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbóná ní tirẹ̀, ó tó 45, àwọn ará Róòmù sì ti kọ́ ilé ìwẹ̀ sí i lórí láti ohun tó lé ní 1,900 ọdún sẹ́yìn. Ní ìlú méjèèjì, àárín ilé àti ọjà ni omi wà. Ní Ìkògòsí, ọgbà ló yí omi ká, ìlú wà lẹ́yìn ọgbà. Àlejò á sanwó ní géètì, á wẹ̀, á jẹun, á padà sí Adó-Èkìtì tàbí kó kọjá lọ wo Olúmirìn ní Èrìn-Ìjẹ̀ṣà, láìmọ ibi tí wọ́n ti ń ta iyán nílùú tó gbà á lálejò. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, ó ju ti 70 lọ.

Àṣìṣe ti 70, mo lè fi orí jì wọ́n. Ẹni tó bá débẹ̀ lówùúrọ̀ ọyẹ́, kí oòrùn tó yọ sókè òkè, á rí èéfín tó ń rú lójú omi bí ẹni pé ẹnì kan ń dáná nísàlẹ̀. Èmi náà rí i, mo kọ́kọ́ fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ìyá kan tó pọn ọmọ kò fà sẹ́yìn ní tirẹ̀. Ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó di apá rẹ̀ mú, ó ti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bọ omi. Ọmọ náà kò sunkún. Ó wo omi, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì ti ẹsẹ̀ kejì bọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀.