Ìró, Ariwo àti Etí Olùgbọ́: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Déserts

Ọ̀rọ̀ méjì ni n óò fi bẹ̀rẹ̀: ìró àti ariwo. Ìró ni ohunkóhun tí etí bá gbọ́. Kò sí ẹ̀bi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pe ìró kan ní ariwo ti dá a lẹ́bi ná. Kí ni a fi ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀? N óò fi ìṣẹ̀lẹ̀ kan wá ìdáhùn.

Ní ọjọ́ 2, oṣù Kejìlá, ọdún 1954, ní Théâtre des Champs-Élysées ní ìlú Paris, a kọ́kọ́ gbọ́ Déserts, iṣẹ́ Edgard Varèse, ní gbangba. Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni Varèse, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni ó ti ń gbé láti 1915. Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ náà pín sí. Èkíní ni ti àwọn òṣèré: 14 ń fọn ohun èlò, 5 ń lu ìlù àti irin, ẹnì kan sì ń tẹ dùùrù. Èkejì ni téèpù, tí ó kún fún ìró ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tí Varèse gbà sílẹ̀ tí ó sì yí padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni àwọn òṣèré dákẹ́ kí téèpù lè sọ tirẹ̀.

Kò pẹ́ tí gbọ̀ngàn fi dàrú. Àwọn kan ń súfèé, àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn mìíràn sì ń pàtẹ́wọ́ láti gbèjà rẹ̀. Rédíò ń gbé e sáfẹ́fẹ́ lọ́wọ́, nítorí náà àwọn tí ó wà nílé gbọ́ orin, wọ́n sì gbọ́ ìjà.

Ó rọrùn láti sọ pé òpè ni àwọn olùgbọ́ wọ̀nyí. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ètò alẹ́ ọjọ́ náà: àárín Mozart àti Tchaikovsky ni a fi Déserts sí. Ẹni tí ń gbọ́ Mozart ti mọ ibi tí orin ń lọ kí orin tó dé ibẹ̀. Téèpù Varèse kò fún un ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a ní kí ó gba ọ̀nà ilé, tí ó bá ara rẹ̀ nínú igbó, kò lè ṣe kí ó má bínú.

Ẹ fi èyí wé ti Brussels ní 1958. Ní ìpàtẹ àgbáyé ọdún náà, Varèse ṣe Poème électronique fún ilé tí ilé-iṣẹ́ Philips ní kí Le Corbusier kọ́. Téèpù nìkan ni, láìsí òṣèré kankan, fún bí ìṣẹ́jú 8. Sípíkà tí ó gbé e jáde ju 300 lọ. Ogunlọ́gọ̀ èrò wọlé, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n jáde. Ó ya àwọn kan lẹ́nu, ó dẹ́rù ba àwọn kan, ṣùgbọ́n kò di ìjà. Ohun àrà ni wọ́n wá wò, ohun àrà ni wọ́n sì bá.

Àwọn àgbà ní bí òwe, bí òwe ni à ń lu ìlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. A máa ń fi òwe yìí gún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jó lára. Ṣùgbọ́n a kò bí ọgbọ́n náà mọ́ ọlọ́gbọ́n. Agboolé tí a ti ń lù ú ni ó ti kọ́ ọ. Àwọn míṣọ́nnárì kan gbọ́ ìlù wa nígbà kan, wọ́n ní ariwo ni. Ẹni tí a ti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fún rí kò gbọdọ̀ yára dá a fún ẹlòmíràn.

Èmi pàápàá pa ẹ̀rọ nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ Déserts. Varèse fi àyè sílẹ̀ pé a lè ṣe é láìsí téèpù. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe padà sí i: mo gbọ́ ti àwọn òṣèré nìkan, lẹ́yìn náà mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìgbà náà ni ó tó yé mi pé ohun kan náà ni téèpù àti òṣèré ń ṣe: ìró a wú, a kọlu ìró mìíràn, a sì rọlẹ̀. N kò sọ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé n kò lè pè é ní ariwo mọ́.

Olùgbọ́ ní ẹ̀tọ́ láti kọ orin. Ṣùgbọ́n kí ó tó kọ̀ ọ́, iṣẹ́ àwa olùkọ́ ni láti fi ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ hàn án.